Àwọn Èèyàn Ibẹ̀ Dà?

Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ fèsì nígbà tí mo fi fọ́tò ìrìn àjò wa ní Ọsirélíà, níbi tí à ń gbé báyìí, ránṣẹ́ sí ojúlé WhatsApp ẹbí. "Ẹ̀yin lẹ ń jayé o, Sìsítà mi. Ìyà ń jẹ àwa níbí, ẹ̀yin ń gun òkè kiri." Àǹtí wa tó wà ní Ìbàdàn tẹ̀ lé e, ó ní kí n má gbàgbé àwọn tí mo fi sílẹ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Oṣù mọ́kànlá ni èmi àti ọkọ mi fi ń dá owó ìrìn àjò yẹn jọ, èmi nídìí iṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, òun nídìí ọkọ̀ akẹ́rù. Màámi nìkan ni kò bá wọn dá sí i. Wọ́n wo gbogbo fọ́tò náà tán ní Iléṣà, wọ́n wá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: "Ó mà dára o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ibẹ̀ dà?"

Mo padà lọ wo àwọn fọ́tò náà. Òkè, omi, igi, títì, àti àwa mẹ́rin. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ lóòótọ́.

Oṣù Kìíní ni, ìgbà tí ooru ń mú ní Ọsirélíà, tí àwọn ọmọ sì wà ní ìsinmi. A kúrò ní Melbourne ní ìdájí, a gba ọ̀nà Hume dé Albury, a yà gba Khancoban, a wá bọ́ sí Alpine Way, ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ tó gba inú igbó gun òkè lọ sí Thredbo. Ọ̀nà wọn dán. Ta ni kò mọ ọ̀nà tiwa? N kò ní í fi ìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn. Kò sí ọlọ́pàá tó ń béèrè owó, kò sì sí ẹni tó máa na bọ̀ọ̀lì sí ọ lójú fèrèsé.

Láti Thredbo, àga tí wáyà ń fà gbé wa gun apá òkè, a wá fi ẹsẹ̀ rin ìyókù dé orí Kosciuszko, òkè tó ga jù lórí ilẹ̀ ńlá Ọsirélíà, mítà 2,228. Kìlómítà mẹ́fà àti ààbọ̀ ni àlọ nìkan. Irin alásẹ́ ni wọ́n tẹ́ sí ọ̀pọ̀ ibẹ̀, kí ẹsẹ̀ èèyàn má baà pa koríko òkè. Mo ní kí ọmọ mi obìnrin kúnlẹ̀ wo abẹ́ irin náà: òdòdó funfun kéékèèké ń hù lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Àwọn tí a pàdé lójú ọ̀nà mi orí sí wa, wọ́n kọjá.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, Màámi kó wa lọ wo omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Obìnrin kan tí a kò rí rí gba àbúrò mi lọ́wọ́ wọn, ó pọ̀n ọ́n, ó ń gun òkè lọ, ó sì ń bi wọ́n pé ọmọ ilé wo ni wọ́n n'Íléṣà. Kí a tó dé ìpele kejì, wọ́n ti rí i pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n obìnrin yẹn ń bá Màámi tajà lọ́jà kan náà. Àbúrò mi tí wọ́n pọ̀n yẹn náà ló ń sọ pé mo ń jayé báyìí.

Lọ́jọ́ kẹta, a kúrò ní Cooma, a dorí kọ ọ̀nà òkun. Láàárín Cooma àti Nimmitabel, pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan wà tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní igi, koríko gbígbẹ títí dé ibi tí ojú lè rí dé, àgùntàn káàkiri. Ibẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn wa ti bẹ́. Ọkọ mi gbé jáàkì sí i, ó tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ìkarùn-ún kọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ sípánà mọ́lẹ̀, sípánà yọ̀, ó sì bó o ní ojúgun. Fóònù kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, eṣinṣin ń wọ ojú àti imú wa, àwọn ọmọ jókòó sí ìbòòji ara ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mọ́tò ń kọjá, eré burúkú ni wọ́n sì ń sá. Wọn kò dúró.

Ká ní ẹ̀gbẹ́ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni, kí jáàkì tó kanlẹ̀, ẹni mẹ́ta á ti yọ sí wa. Ọ̀kan á lóun mọ fọ́kánáísà kan tó wà níwájú díẹ̀. Ìkejì á máa bá ọkọ mi wí pé kí ló dé tí kò yẹ táyà wò kó tó kúrò nílé. Ìyá kan á ti gbé bẹ́ǹṣì fún àwọn ọmọ mi. Kódà kó jẹ́ owó wa ni wọ́n fẹ́ gbà, wọ́n á wà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní èèyàn laṣọ. Lọ́jọ́ yẹn mo mọ bí ìhòòhò ṣe rí.

Lẹ́yìn wákàtí méjì, bàbá àgbẹ̀ kan dúró. Ó mú páìpù gígùn kan jáde, ó kì í bọ ọwọ́ sípánà, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, nọ́ọ̀tì tú. Ó fún àwọn ọmọ lómi. Ó kọ owó wa. Ọ̀rọ̀ tó sọ kò ju gbólóhùn márùn-ún lọ. Kò béèrè orúkọ wa, kò béèrè ibi tí a ti wá. Inú rere ni ó ṣe fún wa, Ọlọ́run á sì san án fún un, ṣùgbọ́n ó wù mí kó bi mí.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ní Cooma, mo ti dúró níbi ìrántí àwọn tó kú nídìí iṣẹ́ ìdídò Snowy, tí wọ́n fi ń pèsè iná mànàmáná. Láti 1949 títí di 1974, ó lé ní 100,000 èèyàn tó ṣiṣẹ́ lórí àwọn òkè wọ̀nyẹn, àwọn ará Ítálì, Pólàǹdì, Gíríìsì, Jámánì, láti orílẹ̀-èdè tó ju ọgbọ̀n lọ. Wọ́n gbẹ́ àpáta, wọ́n dí odò, ìlú Jindabyne àtijọ́ wọlẹ̀ sábẹ́ omi. Ẹni 121 kú. Mo ń ronú ìyá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nílé, àti irú lẹ́tà tó ń kọ sọ́mọ rẹ̀.

Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà. Kí a tó kúrò ní Nàìjíríà, àwọn oníbọn dá ọkọ̀ iwájú wa dúró lọ́nà Àkúrẹ́. Mo gbé ọmọ mi sáré wọgbó, ẹsẹ̀ bàtà mi kan ṣì wà níbẹ̀ dòní. Wákàtí méjì tí a lò létí títì lọ́jọ́ yẹn, ó ká mi lára, ó sú mi, àmọ́ àyà mi kò já. Ọmọ mi kékeré sùn lórí ẹní tí mo tẹ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi wá. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní ayé jíjẹ, n kò lè bá a jiyàn mọ́.

Lọ́jọ́ kejì tí táyà bẹ́, a dé Merimbula létí òkun. Àwọn ọmọ lúwẹ̀ẹ́ láàárín àsíá pupa-àti-yẹ́lò méjì tí àwọn olùṣọ́ etíkun rì mọ́lẹ̀. Mo ń yan ẹja lórí ààrò mànàmáná tó wà fún gbogbo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọgbà ibẹ̀ nígbà tí Màámi pè. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ wa, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ tiwọn. Mo fi òkun hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Mo rí i. Àwọn èèyàn ńkọ́?"

Ìdílé ará Íńdíà kan wà ní tábìlì kejì, ìyá àgbà wọn wọ sárì, ó ń bó máńgòrò fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn Màámi, ó gbójú sókè. Mo yí fóònù sí i. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tẹrí ba. N'Íléṣà, Màámi tún gèlè wọn ṣe.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, Mà," ni wọ́n wí. "Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ."

Ìyá náà sọ nǹkan kan ní èdè rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀. Màámi ń dáhùn pé, "Hẹ̀ẹ́n. Hẹ̀ẹ́n."