Ìgbà Òjò Ni Kí Ẹ Lọ Gun Òkè Ìdànrè

Ọ̀pọ̀ àlejò tó bá wá kí wa l'Ákùrẹ́ ló máa ń ní ká dúró de ẹ̀ẹ̀rùn ká tó lọ sí Òkè Ìdànrè. Èmi kì í gbà. Nígbà ọyẹ́, èèyàn á gun àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ, á mí hẹlẹhẹlẹ dé òkè, eruku funfun ni yóò wá wò. Àmọ́ bí òjò bá rọ̀ tán, ojú ọ̀run á mọ́ kedere. Ẹ ó rí òrùlé páànù Òde Ìdànrè nísàlẹ̀, oko kòkó lẹ́yìn rẹ̀, àti àwọn àpáta yòókù tí omi ń ṣàn lára wọn. Àpáta ò ní ilẹ̀ tó máa fa omi mu, nítorí náà gbogbo ohun tó bá rọ̀ ló ń sáré wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá pẹ́ jù kò ní bá a mọ́.

Kì í ṣe gbogbo òjò o. Òjò oṣù Kẹrin àti Karùn-ún, oníjì, alárá, kì í ṣe òjò tó yẹ kó bá èèyàn lórí àpáta. Ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ló sábà máa ń dé, nítorí náà ẹ tètè kúrò l'Ákùrẹ́ láàárọ̀. Ọ̀nà náà kò tó kìlómítà 30. Òjò wínniwínni oṣù Kẹjọ ni mo fẹ́ràn jù, bí kùrukùru tilẹ̀ lè bo orí òkè fún ìgbà pípẹ́. Ibi ìsinmi wà lójú àtẹ̀gùn; ẹ jókòó síbẹ̀ kó lọ.

Bí mànàmáná bá kọ, tí àrá sì sán kí ẹ tó ka 30 tán, ó ti sún mọ́ yín jù. Ẹ kúrò níbi tó ga, ẹ jìnnà sí igi tó dá dúró, ẹ fi irin ìdìmú ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn sílẹ̀. Lẹ́yìn tí àrá bá dákẹ́, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 sí i. Àbúrò mi kan láti Èkó bẹ̀bẹ̀ pé, "Bùọ̀dá, fọ́tò kan péré." Bàbá tó ń mú wa kiri ló dá a lóhùn: "Ọmọ mi, òkè ò ní lọ síbì kankan."

Gígùn rẹ̀ kò le tó sísọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń gòkè, ẹsẹ̀ ṣì lágbára. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, orúnkún ti ń gbọ̀n, àtẹ̀gùn sì tutù. Ẹ fẹ̀gbẹ́ sọ̀ ọ́ bó bá ga, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé ṣíwájú. Níbi tí kò ti sí àtẹ̀gùn, ẹ wo àwọ̀ àpáta: ojú tó dúdú tó gùn wálẹ̀ yẹn ni omi máa ń gbà, nǹkan tín-ín-rín kan ti hù síbẹ̀, ó sì máa ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ojú tó rí háríhárí ni kí ẹ tẹ̀. Sílípáàsì kò ṣe é wọ̀. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín ni. Ẹ fi agbòjò sílé, atẹ́gùn á yí i padà. Aṣọ òjò ló dáa. Ẹ di fóònù sínú ọ̀rá.

Bí òjò bá le, àfin àtijọ́ Ọwá wà lókè, níbi tí àwọn ará Ìdànrè gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. (Wọ́n ń ru isu gun ibẹ̀, èmi tí mo gbé ike omi kan ni mò ń kérora!) Ẹ bi ẹni tó ń mú yín kiri kí ẹ tó wọ ibikíbi, torí àwọn ibì kan ṣì jẹ́ ibi ọ̀wọ̀.

Ẹ dé ìsàlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí òjò bá ti ń kùn, mọ́tò tó ń padà s'Ákùrẹ́ á dín kù, àwọn awakọ̀ á sì fowó lé owó ọkọ̀.