Ọrùn Ìgè

Ẹsẹ̀ lọmọ mi fi wáyé, kò sẹ́ni tó tún ń wá orúkọ kiri: Ìgè ni. Ọ̀kun o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ kí wa kú ewu ọmọ.

Aránṣọ ni mí ní Kàbbà níbí. Bí èjìká bùbá kan bá fi díẹ̀ ga ju ìkejì lọ, mo ti rí i kí oníṣọ tó wọ̀ ọ́. Ojú yẹn náà ni mo fi ń wo ọmọ nígbà tí gbogbo ilé ń jó. Etí ọ̀tún sún síwájú ju tòsì lọ. Iwájú orí lápá ọ̀tún yọ síta, ìpàkọ́ lápá kan náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo yà á ní fọ́tò, mo fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ẹ̀rù túbọ̀ bà mí.

Ìyá ọkọ mi ní omi gbígbóná àti aṣọ ni àwọn fi tún orí gbogbo ọmọ àwọn ṣe, títí kan imú. Ṣé orí ọkọ mi wọ́ ni? (Ẹ jẹ́ n má dáhùn ìyẹn níbí.) Mo gbà kí wọ́n fi òrí pa á lára. Ṣùgbọ́n orí tí àwùjẹ̀ rẹ̀ ṣì ń mí, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo fi han nọ́ọ̀sì. Wọn ò tilẹ̀ wo etí. Wọ́n ní káwọn rí i bó bá ń sunkún. Abẹ́rẹ́ kúkú ti bá wa ṣe ìyẹn. Bí Ìgè ṣe ń ké, ìpéǹpéjú méjèèjì pa dé, iwájú orí hunjọ, ẹnu ṣí dọ́gba. Wọ́n ní bí ojú kan bá kọ̀ tí kò pa dé, tí ẹnu ń wọ́ sápá kan, ọ̀rọ̀ iṣan ojú nìyẹn, kí n tètè gbé e lọ bá dókítà.

Wọ́n wá mú ọwọ́ mi, wọ́n fi kan ọrùn rẹ̀ lápá òsì. Láti ẹ̀yìn etí dé egungun àyà, iṣan kan le bí okùn ṣòkòtò tí wọ́n fà jù.

"Ìyá Ìgè, ọrùn ló ń ṣe é, kì í ṣe ojú."

Iṣan yẹn ló ń fa orí sósì, tí àgbọ̀n fi ń kọjú sọ́tùn-ún. Ibì kan náà ló wá ń fi ìpàkọ́ sùn lé, kò ní ṣàì tẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bó ṣe há sínú mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣí itan rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí oríkèé ìbàdí ọmọ tó bá fẹsẹ̀ wáyé gba àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ̀wé fún wa sí àwọn tó ń na iṣan fúnni ní Lọ́kọ́jà.

Ẹ̀yìn ló ṣì fi ń sùn. Bó bá jí, mo máa ń dà á dojú bolẹ̀ lórí itan mi, apá òsì ni mo sì ti ń pè é kó lè yíjú. Rédíò Màmá náà ti dé apá òsì bẹ́ẹ̀dì. Ọrùn ti ń dẹ̀. Etí ṣì kù díẹ̀, àmọ́ Màmá ní omi gbígbóná ì bá ti parí ẹ̀ tipẹ́.