Ẹyẹ Aláriwo Inú Igbó Manaus

Orúnkún mi ti ń bẹ̀bẹ̀ kí n tó gun àtẹ̀gùn 242 ilé ìṣọ́ Museu da Amazônia tán, ní ẹ̀bá Manaus, ìlú kan nínú igbó Amazon ní Brazil. Mítà 42 ni gíga rẹ̀. Ibi tí ojú mi ká, igbó ni. Ẹyẹ kan ṣoṣo kò yọjú. Àfi igbe: “Kri-kri-ó!” Òmíràn dáhùn, ẹ̀kẹta gbà á lẹ́nu rẹ̀.

“Cricrió ni,” amọ̀nà wa wí. Igbe ẹnu rẹ̀ ló fi ń jẹ́, bíi kowéè tiwa.

Ìgbà tá a sọ̀ kalẹ̀ sínú igbó, tá a na ọrùn títí, la tó rí i. Mo ti ń retí àwọ̀ ayékòótọ́. Ha! Ẹyẹ aláwọ̀ eérú lásán, kò tó ẹyẹlé. Akọ ló ń pariwo. Wọ́n á kóra jọ sójú kan, wọ́n á máa figbe díje kí abo lè yan èyí tó wù ú. Tó bá yàn tán, abo nìkan ni yóò kọ́lé, tí yóò sàba lé ẹyin kan ṣoṣo. Akọ ti padà sídìí ariwo. (Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí o.)

Maximilian, ọmọ ọba Wied ní Jámánì, tó rin igbó Brazil láàárín 1815 sí 1817, ló fún un lórúkọ sáyẹ́ǹsì ní 1820. Ó kà á mọ́ Muscicapa, àwọn ẹyẹ apẹṣinṣin tó mọ̀ nílé. Lónìí, Lipaugus vociferans ló ń jẹ́, nínú ìdílé Cotingidae. Ìbátan rẹ̀ funfun, Procnias albus, ló gba adé ẹyẹ tó láriwo jù láyé lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2019.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé pẹ̀lú gbogbo ariwo yìí, àwọn onímọ̀ kò kà á sí ẹyẹ akọrin. Ẹ̀ka Passeri ló loyè yẹn, àwọn bí ẹ̀gà, tó ń kọ́ orin lẹ́nu àgbà. Ẹ̀ka mìíràn, Tyranni, ni cricrió wà. Orin ọ̀pọ̀ nínú wọn, àbímọ́ ni.

Orúkọ rẹ̀ kejì ni kò pa mí lẹ́rìn-ín: capitão-do-mato. Àwọn tó ń dọdẹ ẹrú tó sá wọ igbó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Amọ̀nà ní tí èèyàn bá ń kọjá, ẹyẹ náà á fi igbe tú u fó. Mo rántí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil, ibi tí Maximilian ti rí ẹyẹ yìí gan-an.

Mo yí padà láti máa lọ. Ẹsẹ̀ mi tẹ ẹ̀ka gbígbẹ kan.

“Kri-kri-ó!”