Omi, iná àti oúnjẹ: ìṣirò kan náà ni

Ẹni tó bá ń ṣèwádìí ewu ojú-ọjọ́ sí iná mànàmáná lọ́tọ̀, sí omi lọ́tọ̀, sí oúnjẹ lọ́tọ̀, á ka omi kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ń gba nǹkan bí 70% omi tí aráyé ń fà lódò àti lábẹ́ ilẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kó àkọsílẹ̀ òjò àti ooru ọgbọ̀n ọdún jọ. 1991 sí 2020 la sábà ń lò. Ẹ má wo àròpọ̀ ọdún nìkan o. Ọdún méjì lè gba òjò iye kan náà, kí ọ̀kan rọ tirẹ̀ tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí irúgbìn sì kú.

Omi mìlímítà 1 lórí hẹ́kítà 1 jẹ́ lítà 10,000. Láti fa lítà 1,000 gòkè mítà 100, pọ́ǹpù tó jẹ́ pé 60% iná tó ń jẹ ló ń fi gbé omi yóò jẹ iná bíi 0.45 kWh (ìyẹn ìwọ̀n tí mítà fi ń ka iná). Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú kí omi kànga rẹlẹ̀ sí i, iná tí pọ́ǹpù ń jẹ á pọ̀ sí i, lásìkò tí ìsédò amúnáwá gan-an ò rómi lò. Ìwádìí tó ya wọ́n sọ́tọ̀ kì í rí ìsopọ̀ yìí.

Ooru náà ńkọ́? Ní 2022, ilẹ̀ Faransé dín iná kù ní àwọn ilé-iṣẹ́ núkílíà kan, torí odò tí wọ́n ń fi omi rẹ̀ mú ẹ̀rọ tutù ti gbóná ju kí wọ́n tún da omi gbígbóná padà sí i.