Ìdúró bọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti skúùlù ọmọ mi dé ni o, ní Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, oorun ò tiẹ̀ kùn mí. Dírámà ni wọ́n ṣe, ìtàn Stephen Lawrence, ọmọ ọdún 18 tí àwọn ọmọ òyìnbó kan gún lọ́bẹ pa ní Eltham lọ́dún 1993 torí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, bọ́ọ̀sì lòun àtọ̀rẹ́ ẹ̀ ń dúró dè.

Ọmọ mi ló ṣe ọ̀rẹ́ yẹn. Nígbà tó ń pariwo pé kí Stephen sáré, kó máa sáré bọ̀, tí ìyẹn sì ń sáré tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀ títí tó fi ṣubú, gbogbo hóòlù pa rọ́rọ́, ìyá Jàmáíkà kan tó jókòó tì mí kàn di ọwọ́ mi mú, mi ò mọ̀ ọ́n rí o.

Ti ìyá Stephen, Doreen, ló dùn mí jù. 2012 ni kóòtù tó rán méjì nínú àwọn tó pa á lẹ́wọ̀n, ó ti lé lọ́dún 18 tó ti kú, iye ọdún tọ́mọ náà lò láyé gan-an nìyẹn! Ìgbìmọ̀ Macpherson, tí ìjọba ní kó wádìí ọ̀rọ̀ náà, sì ti sọ ọ́ láti 1999 pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti wọnú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù.

Nígbà tá à ń bọ̀ nílé, a dúró de bọ́ọ̀sì, mo di apá ọmọ mi mú bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, kò sì gba apá ẹ̀ lọ́wọ́ mi.