Bí 2025 ṣe lọ nílé wa, àti ọ̀rọ̀ máàkì Tóbi

Ẹ kú ìparí ọdún o. Látìgbà Thanksgiving ni mo ti ń sọ pé màá jókòó kọ àyẹ̀wò ọdún tèmi, òní ni àyè ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè kó àwọn tó rọrùn kúrò ńlẹ̀: ara le, iṣẹ́ wà, mọ́tò tó ń dà wá láàmú látèṣí a ti tà á, ìgbéyàwó àbúrò mi n'Ìbàdàn a ò lè lọ torí owó tíkẹ́ẹ̀tì, WhatsApp la ti wò ó, owó aṣọ ẹbí la sì san pé pérépéré bíi pé a wà níbẹ̀. Ó tán. Ohun tó gba 2025 mọ́ wa lọ́wọ́ gan-an ni máàkì Tóbi ọmọ wa.

Tóbi wọ ninth grade ní August, níbí ní Houston. Tá a bá kà á bíi ti ilé, JSS3 ni, àmọ́ níbí ibẹ̀ ni high school ọlọ́dún mẹ́rin ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni èmi àti Dádì Tóbi ò ti gbọ́ ara wa yé. Òun ní kí ni mò ń pariwo sí, ta ló béèrè èsì JSS3 lọ́wọ́ wa nígbà tá a fẹ́ wọ yunifásítì? WAEC ni, krẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú English àti Maths, JAMB tẹ̀ lé e, ó parí. Òun fúnra ẹ̀ ń féèlì Physics láti SS1 dé SS2, ó sì gba B3 ní WAEC. Ìtàn B3 yẹn, ẹni tó bá ti jẹun nílé wa rí ti gbọ́ ọ.

Níbí kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí WAEC kankan tó máa wá nu gbogbo ẹ̀ nù nígbẹ̀yìn. Ohun tọ́mọ bá gbà ní ninth grade ti wọnú transcript, ìwé tí gbogbo máàkì ẹ̀ wà, nìyẹn, òun ni wọ́n á fi ṣírò GPA, ìyẹn àròpín gbogbo máàkì ẹ̀, GPA náà ni wọ́n á fi to gbogbo ọmọ kíláàsì ẹ̀ látòkè délẹ̀, ní Texas títò yẹn sì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyì lásán. Òfin wà láti 1997 pé àwọn yunifásítì ìjọba gbọ́dọ̀ gba ọmọ tó bá wà nínú 10% àkọ́kọ́ nílé ìwé ẹ̀. UT Austin, yunifásítì ìjọba Texas tó wà nílùú Austin, ni wọ́n gbà láyè kó dín tiẹ̀ kù, ó ti wà ní 6% tẹ́lẹ̀, fún àwọn tó máa wọlé ní 2026 ó ti di 5%. Tí àwọn tó jọ wà ní kíláàsì kan náà nílé ìwé ẹ̀ bá tó 800, ogójì péré nìyẹn o. Tóbi lóun fẹ́ ṣe engineering, Austin ló sì ń dárúkọ látìgbà tó ti wà ní kékeré.

Ọ̀rọ̀ 5% yìí ni wọ́n sọ fún Dádì Tóbi ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gẹrun ní Bissonnet. Ẹni tó ti ń fi mí rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, ìgbà tó máa délé, calculator ló kọ́kọ́ bèèrè. Látọjọ́ náà portal ò sinmi lọ́wọ́ ẹ̀, kódà pásítọ̀ á máa wàásù lọ́wọ́, òun á máa yọ́ fóònù wò. (Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ portal, ẹ dúpẹ́. Gbogbo máàkì tí tíṣà bá ti tẹ̀ wọlé, títí kan ásáímẹ́ǹtì, ojú ẹsẹ̀ ló ń dún lórí fóònù òbí.)

Bẹ́ẹ̀ ni Biology ṣe dún lọ́jọ́ kan, 61, torí òdo kan tó wà níbi ásáímẹ́ǹtì. Mo pe Tóbi wá sí kíṣìnnì. Ó ní òun ṣe iṣẹ́ náà. Mo ní o ṣe é, òdo ló sì wà ńbẹ̀? Ló bá tú báàgì ẹ̀ sílẹ̀, láàárín ike oúnjẹ àti ìbọ̀sẹ̀ ló ti fa bébà yọ, ó ti rún wómúwómú, ó kọ gbogbo ẹ̀, ó ya sẹ́ẹ̀lì, ó tún kùn ún ní àwọ̀ ewé. Kò sáà fún tíṣà ni. Ó gbàgbé. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín: ọmọ tó gba 90 lẹ́ẹ̀mẹta tó wá gba òdo kan, 67.5 ló bọ́ sí, 70 sì ni pàsì. Fóònù la kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi, àmọ́ òfin tuntun ti Texas tí wọ́n fọwọ́ sí ní June 2025 ti gba fóònù kúrò lọ́wọ́ wọn nílé ìwé látàárọ̀ títí wọ́n á fi jáde. Fóònù lọ, òdo ò lọ.

Ìyẹn ò tíì tó, Algebra tún wá bọ́ sí 68. Òfin kan wà níbí láti 1984, ọmọ tí ò bá gba 70 kò ní bá wọn jáde lọ díje, ì báà ṣe bọ́ọ̀lù ì báà ṣe band, ẹgbẹ́ olórin ilé ìwé tí Tóbi wà, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ṣì máa jẹ́ kó bá wọn ṣe practice o, àmọ́ tó bá dalẹ́ Friday táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wọ aṣọ band tí wọ́n gbé trombone, fèrè ńlá tóun náà ń fọn, wọ pápá, ilé ló máa jókòó sí, táá máa wo fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i. Ariwo Dádì, ìbínú tèmi, àdúrà ìyá àgbà láti Ìbàdàn, kò sí èyí tó ṣe ohun tí trombone yẹn ṣe. Òun fúnra ẹ̀ ló ní ká máa tètè gbé òun dé ilé ìwé láàárọ̀ kí tíṣà Algebra lè ṣàlàyé fóun. 77 ló fi parí sémísítà. Kì í ṣe 77 téèyàn ń gbé lọ Austin, àmọ́ mo jó.

Thanksgiving tún wá lọ bá mi níbi tí mo ti ń gbìyànjú, a ò tíì bu jọ́lọ́ọ̀fù tán tí ańtí kan fi ní ọmọ tòun ti parí Algebra ní eighth grade, Geometry ló wà báyìí. Ẹ kú oríire mà. Ṣé mo bi yín ni?

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Los Angeles ní tiwọn, àwọn yunifásítì UC, ti ìjọba California, kì í ka máàkì ninth grade mọ́ GPA, tenth àti eleventh ni wọ́n ń ṣírò. Dádì Tóbi ní ká kó lọ California. Mo ní ta ló máa san rẹ́ǹtì.

Èyí tó jẹ́ kí n sùn díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí counselor, olùdámọ̀ràn ilé ìwé Tóbi, sọ fún mi, pé ipò tọ́mọ bá wà nígbà tó bá parí eleventh grade ni UT ń wò fún 5% yẹn, kì í ṣe ti ìsinsìnyí, ó tún wá fi kún un pé 5% ọ̀hún gan-an, UT ló ń gbà ọ́ wọ̀, kò ní dandan kí wọ́n fún ọ ní engineering. Gbólóhùn kejì yẹn, mi ò tíì sọ ọ́ fún Dádì Tóbi, ẹ má bá mi sọ ọ́. Texas A&M àti University of Houston ṣì ń lo 10%, ọ̀pọ̀ ọmọ tiwa níbí ló sì ti community college bẹ̀rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú kí wọ́n tó ré kọjá sí yunifásítì. Kí n sòótọ́, mi ò rò pé Tóbi máa wà nínú ogójì yẹn, ó sì ti ń rọ̀ mí lọ́rùn láti sọ ọ́ síta.

Tá a bá ti wọ 2026, wọ́n máa mú fọ́ọ̀mù tenth grade wá. Dádì ẹ̀ fẹ́ AP (iṣẹ́ kíláàsì tó le bíi ti yunifásítì) mẹ́ta, Tóbi fẹ́ band, èmi fẹ́ kó máa sùn kí aago méjìlá tó lù. Ẹ̀yin tọ́mọ yín ti ṣe Geometry àti Algebra 2 pọ̀ lọ́dún kan náà, ṣé ó ṣeé ṣe, àbí kí n jẹ́ kó ṣe Geometry ní summer?