Wúrà ti jẹun o!

Ọ̀sẹ̀ 5 gbáko ni Wúrà, ejò ball python tí mò ń sìn, fi kọ oúnjẹ. Àyà mi já. Mo gbé e sórí ìwọ̀n: gíráàmù 15 péré ló fi dín sí ti tẹ́lẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, torí èyí tó ti dàgbà tára rẹ̀ sì le lè ṣe oṣù mélòó kan láìjẹun.

Ọyẹ́ ti gba gbogbo Sùúrùlérè. Inú àpótí rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ sì funfun bí omi ògì: ó fẹ́ bọ́ awọ. Mo wọ́n omi sí i, mo da ìkòkò amọ̀ dé kó lè sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, mo faṣọ bo gíláàsì. Mi ò fọwọ́ kàn án mọ́.

Màmá onílé ní kí n lọ dà á sígbó. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi lọ́sẹ̀ kan sí i.”

Ó bọ́ awọ lánàá. Mo mú eku kúrò nínú fírísà, nígbà tó yọ́ tán, mo fi omi gbígbóná mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́. Aago 9 alẹ́, mo paná. Ahọ́n rẹ̀ yọ, ó tún yọ, ọrùn rẹ̀ ká sẹ́yìn. Pá! Mi ò mira títí ìrù eku fi wọlé tán.